Ooru Inú Ilé: Bí Ayálégbé Yóò Ṣe Béèrè Àtúnṣe Lọ́wọ́ Onílé

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ níbi àpéjọ wọn ní Fọlá Agoro, Ìpínlẹ̀ Èkó)

  

Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn fún wa lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè rò pé ọ̀rọ̀ páànù, àjà àti fèrèsé kì í ṣe ohun tí a ń sọ níbi ìpéjọ ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka Suratu Nahl dé aaya 80 àti 81 yóò rí i pé Ọlọ́hun ka ilé tí a ń sinmi sí, òjìji tí a ń sá sí, àti aṣọ tí ń gba ooru kúrò lára wa, mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún ẹ̀dá. Bí ilé bá wá di ibi tí ènìyàn ń sá jáde kúrò nínú rẹ̀ lóru, ìdẹ̀ra ńlá kan ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ilé tí òun ń sanwó rẹ̀ ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n àsìkò tí ó bá béèrè, àti ọ̀nà tí ó bá gbà béèrè, ni yóò sọ bóyá yóò rí i gbà. Kí ó béèrè kí ó tó sanwó. Kí ó béèrè lórí ìwé. Kí àwọn ará ilé sì jọ béèrè pọ̀.

1. Ibi tí ooru ti ń wọlé

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń bá wa jà. Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà àti ààbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró gangan lókè orí wa ní ọ̀sán: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní ti oṣù kẹsàn-án, òjò àti kùrukùru ń bá wa dín agbára rẹ̀ kù. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin ni ooru máa ń mú wa jù. Òrùlé ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú oòrùn ọ̀sán, ògiri tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn sì ń gba ti ìrọ̀lẹ́.

Ẹ wá wo àwọn ilé wa, láti Fọlá Agoro dé Abúlé Ìjẹ̀ṣà, láti Bàrígà dé Pedro. Púpọ̀ nínú wọn ni ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàrin, yàrá lápá ọ̀tún àti lápá òsì, fèrèsé kan ṣoṣo fún yàrá kan. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ojú fèrèsé wọlé kò ní ibi tí yóò gbà jáde, àfi bí ìlẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní ìyàwó àti ọmọbìnrin nínú yàrá kan kò lè ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ sí ojú gbogbo ará ilé lóru.

Páànù tí ó ti dípẹtà, tí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n, ń mu ooru ju èyí tí a kùn ní funfun lọ. Yóò gbóná, yóò ta ooru náà sí àjà, àjà yóò sì ta á sí ara ẹni tí ó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀. Bí àjà bá ti já, tàbí bí wọ́n bá ti yọ ọ́ nítorí omi tí ń jò, páànù gbígbóná àti ènìyàn ti di alábàágbé láìsí ohun kan láàrin wọn. Ògiri búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ń tọ́jú ooru ọ̀sán pamọ́, alẹ́ ni ó ń tú u sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìta fi ń tutù ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí inú yàrá ṣì ń hó bí ìkòkò.

Àṣà kan tún wọlé dé tí kò ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ onílé ti yọ fèrèsé louvre, onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ayé àtijọ́, wọ́n sì ti fi èyí tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀ kí ilé lè rí bí ti òde òní. Ó dára lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni ó lè ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ti àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán.

2. Ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa

Ooru ń gba oorun lójú akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò jókòó ìdánwò ní Àkọkà lọ́jọ́ kejì, àti lójú òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú tí yóò dúró ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó ń wu aboyún léwu, ó ń wu ìkókó àti arúgbó léwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní 2018 lórí ilé gbígbé àti ìlera. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ní ilẹ̀ tí ooru ti ń mú, ó yẹ kí a wá ọ̀nà tí a ó fi dáàbò bo àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ooru tí ó pọ̀ jù nínú ilé. Wọ́n kò kà á sí afẹ́ àwọn olówó; ọ̀rọ̀ ìlera ni.

Ẹlòmíràn yóò ní fáánù ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú yàrá náà ni fáánù ń fẹ́ káàkiri. Bí èyí bá ti gbóná, gbígbóná ni yóò fẹ́ sí wa lára. Owó iná náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó wà ní ìpele A kúrò ní nǹkan bí N68 lọ sí N225 fún ẹyọ kan. Kí ọdún kan tó pé sí ìgbà náà, ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ni wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì fò sókè. Àwọn mìíràn ń gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé kí olè má baà gbé e. Èéfín rẹ̀ ní májèlé kan tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, tí ó lè pa gbogbo ará ilé sójú oorun. Nítorí náà, ilé tí ó ń tutù fúnra rẹ̀ láìgbára lé iná ni ó yẹ kí a máa wá.

3. Àtúnṣe tí a lè béèrè

Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ni ó ń gba owó púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn.

(i) Ọ̀dà funfun lórí òrùlé. Àwọ̀ funfun ń dá púpọ̀ nínú oòrùn padà kí ó tó di ooru nínú ilé. Ní ìlú Ahmedabad, ilẹ̀ Íńdíà, ooru ńlá kan jà ní oṣù karùn-ún ọdún 2010. Àwọn tí ó kú lóṣù náà fi ohun tí ó lé ní 1,300 ju iye tí ó sábà máa ń kú lọ. Ní 2013 ìlú náà ṣe ètò pàtàkì láti gbógun ti ooru, nígbà tí ó sì di 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀dà láìmù funfun kun òrùlé ilé àwọn mẹ̀kúnnù. Ohun tí wọ́n lò kò kọjá agbára wa. Kí a kàn rántí pé eruku ọyẹ́ yóò bà á jẹ́, a ó sì ní láti máa fọ̀ ọ́.

(ii) Àjà tí ó pé, tí kò lu. Àlàfo tí ó wà láàrin páànù àti àjà ni ó ń gba wá. Kí wọ́n dá ihò alásẹ́ sí igun òrùlé kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde níbẹ̀, kí eku àti ẹyẹ má sì wọlé. Bí wọ́n bá ń pa páànù tuntun, a lè bẹ onílé kí ó ta bébà onífàdákà dídán sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kàn án. Àsìkò yẹn ni iṣẹ́ náà kò le.

Ìkìlọ̀ pàtàkì kan nìyí. Ọ̀pọ̀ àjà ilé àtijọ́ ni wọ́n fi asbestos ṣe. Bí a bá fọ́ ọ, tí a bá lu ú tàbí tí a bá ha á, eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun àga láti já a fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni kí onílé pè.

(iii) Fèrèsé tí ó ṣí dáadáa, tí ó ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti ihò alásẹ́ lókè ìlẹ̀kùn tí yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìjẹ́ pé ojú ará ìta wọ inú yàrá.

(iv) Òjìji. Ìbòrí kékeré lókè fèrèsé ìwọ̀-oòrùn, tàbí igi dóńgóyárò kan ní ibi tí àyè bá wà, ń dá oòrùn dúró kí ó tó fọwọ́ kan ògiri.

Ìjọba àpapọ̀ pàápàá gbé ìlànà kan jáde ní 2017 lórí bí ilé tuntun yóò ṣe máa dín iná lílò kù, ó sì mẹ́nu ba ìdábòbò òrùlé lọ́wọ́ ooru. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé tí à ń gbé ti wà tipẹ́ kí ìlànà náà tó dé. Ẹnu wa àti ìwé wa ni yóò bá wa ṣe é.

4. Ohun tí òfin wí

Òfin Ilé Gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti Ìkẹjà GRA sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan Ṣómólú àti Bàrígà. Ó gbé àtúnṣe ara ilé lóde, àti ti àwọn ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò, lé onílé lọ́rùn, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ó gbé ìtọ́jú inú ibi tí ayálégbé ń gbé lé òun náà lọ́rùn. Ó ní ayálégbé kò gbọdọ̀ yí nǹkan padà lára ilé láìjẹ́ pé onílé fọwọ́ sí i lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí onílé bá fọwọ́ sí i lórí ìwé, tí ayálégbé náwó tún ilé ṣe, tí onílé sì wá ní kí ó máa lọ, ayálégbé náà lè béèrè owó ohun tí ó fi kún ilé.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan níhìn-ín, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Títún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe yàtọ̀ sí fífi ohun tuntun kún ilé. Páànù tí ń jò jẹ́ ohun tí ó bàjẹ́. A lè béèrè àtúnṣe rẹ̀ bí ẹ̀tọ́. Ọ̀dà funfun, fèrèsé fífẹ̀ àti ìbòrí jẹ́ ìfikún. Ẹ̀bẹ̀ àti àdéhùn ni a fi ń gba wọn. Ẹni tí ó bá fi ohùn ẹ̀tọ́ béèrè ohun tí ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ yóò bí onílé nínú. Ẹni tí ó bá sì fi ohùn ẹ̀bẹ̀ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún yóò pẹ́ lábẹ́ òjò.

Ó yẹ kí ó dùn mọ́ wa pé òfin àwọn Mùsùlùmí ti sọ ohun tí ó fara jọ èyí tipẹ́tipẹ́. Nínú Majallah, ìwé òfin tí ìjọba Usmaniyyah ilẹ̀ Tọ́kì ṣe láàrin 1869 sí 1876 lórí ìlànà Hanafi, ọwọ́ onílé ni àtúnṣe tí yóò jẹ́ kí ilé ṣeé lò wà. Bí ó bá kọ̀, ayálégbé lè jáde. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé bá ti rí àbùkù náà nígbà tí ó ń gba ilé, a ó kà á sí pé ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì tún un ṣe láìgba àṣẹ, ọrẹ àtinúwá ni ó ṣe. Kò lè béèrè owó náà padà. Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì parí sí ojú kan náà? Wo ilé dáadáa kí o tó sanwó, kí o sì gba àṣẹ kí o tó náwó.

Bí a bá fẹ́ gba ilé, ẹ jẹ́ kí á lọ wò ó ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kì í ṣe ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí agẹ̀ńtì fẹ́ràn láti mú ènìyàn lọ. Ẹ gbójú sókè wo àjà. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ béèrè ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ìgbà tí owó ṣì wà lápò wa ni ọ̀rọ̀ wa níyì jù lójú onílé.

5. Onílé náà ní tirẹ̀

Ìdájọ́ òdodo kò jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ọ̀pọ̀ onílé ní àdúgbò yìí jẹ́ arúgbó tí owó ilé nìkan ni wọ́n fi ń jẹun. Òmíràn jẹ́ ilé ẹbí, tí ọmọ mẹ́jọ pín in, tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ yọ owó àtúnṣe nínú ìpín tirẹ̀. Àwọn ayálégbé kan wà tí ó jẹ owó oṣù púpọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń pariwo pé àjà já. Ẹni tí ó jẹ gbèsè tí ó ń béèrè ìfikún ti da omi sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí bàbá yín jẹ́ onílé, ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni yóò jogún àwọn ilé wọ̀nyí. Páànù tí a tún ṣe lónìí ń gba igi àjà lọ́wọ́ jíjẹrà lọ́la. Ànábì wa kọ́ wa pé kí a má ṣe ni ẹlòmíràn lára, kí a má sì fi ìnira san ìnira. Ẹ̀kọ́ náà de onílé, ó sì de ayálégbé.

6. Bí a ó ṣe béèrè

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tútù ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní ń yọ ọfà nínú apó. Kí àwọn ará ilé kọ́kọ́ pàdé, kí wọ́n fi ẹnu kò sí ohun méjì tàbí mẹ́ta péré. Kí wọ́n rán àgbà méjì lọ kí onílé nílé rẹ̀, kì í ṣe ní títì tàbí lójú àlejò. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ìwé tì í lẹ́yìn, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ìwé náà lè lọ báyìí:

“Sí Alhaji, onílé wa. Assalaamu alaykum. Àwa ayálégbé inú ilé yín kí yín, a sì dúpẹ́ fún ìfaradà yín. Bàbá, àjà yàrá mẹ́ta lápá ìwọ̀-oòrùn ti já láti ìgbà òjò tí ó kọjá, omi sì ń gba ojú ìṣó páànù wọlé. Láti oṣù kejì, àwọn ọmọdé kì í rí oorun sùn níbẹ̀ kí ọ̀gànjọ́ tó kọjá. A bẹ̀ yín kí ẹ bá wa tún un ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, a fẹ́ fi ọ̀dà funfun kun òrùlé. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i fún wa lórí ìwé, a ó dá owó rẹ̀ jọ, a ó kó rìsíìtì wá, kí ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó ilé wa. A ń retí ọjọ́ tí ẹ ó fún wa láti wá rí yín. Àwa ọmọ yín.”

Ẹ má ṣe fojú kéré ìwé. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ pàṣẹ nínú Suratu Baqarah, aaya 282, pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù àti ọ̀rinrin ti ń ba ilé jẹ́ bí ooru ti ń bà á jẹ́ níhìn-ín, ọmọ ọdún méjì kan tí ń jẹ́ Awaab Ishak, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sudan, kú ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Bàbá rẹ̀ ti ń rojọ́ nípa èéhù tí ó bo ògiri ilé wọn láti 2017. Wọ́n ní kí ó fi ọ̀dà kùn ún. Ní 2022 adájọ́ tí ń wádìí ikú fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èéhù náà ni ó pa ọmọ náà. Ní 2023 wọ́n ṣe òfin tí ó de àwọn onílé ìjọba àti ti àjọ pé kí wọ́n dáhùn irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàrin ọjọ́ tí a dá, orúkọ ọmọ náà ni wọ́n sì ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ jẹ́ kí á béèrè nígbà tí àtúnṣe ṣì lè gba ẹ̀mí là.

Bí onílé bá kọ̀, ẹ má ṣe já owó ilé dúró láìsí àdéhùn, ẹ má sì bú u. Ibùdó Ìlàjà Aráàlú, tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, ń parí ìjà onílé àti ayálégbé láìgba kọ́bọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé onílé fi ìbínú ṣí òrùlé tàbí yọ ìlẹ̀kùn láti lé ènìyàn jáde, òfin 2011 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gba owó ìtanràn tó N250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ayálégbé ọlọ́dún kan ní ẹ̀tọ́ sí ìwé oṣù mẹ́fà kí a tó ní kí ó jáde, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn. Àbá òfin tuntun ti dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ní 2025; nítorí náà kí ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ayálégbé kan tí ó dá ráhùn ni onílé lè pè ní oníjàngbọ̀n. Gbogbo ilé tí ó fi ọ̀wọ̀ sọ ohun kan náà, tí owó ilé wọn sì pé, ṣòro láti pè bẹ́ẹ̀. Kí oṣù kejì tó dé, kí olúkúlùkù yín lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwé náà.

Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ sáàrin onílé àti ayálégbé, kí Ó sì sọ ilé wa di ibi ìsinmi fún wa. Àmín.